Ìtàn Ẹ̀rọ Gáàsì Àtijọ́, àti Àwọn Tí Ń Jí I Dìde

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ònkàwé wa ni ìró ẹ̀rọ ìlọta jí lójú oorun ní ìgbà èwe. Kí oòrùn tó mú, a ó ti máa gbọ́ ọ láti ìhà ọjà, puku-puku-puku, bí ẹni ń gún iyán tí kò fẹ́ sinmi. Àwọn ìyá wa yóò sì ti tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ata, àgbàdo ògì àti èlùbọ́. Irin ńlá kan ni, ó ní kẹ̀kẹ́ wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́, a dè é mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kì í rìn lọ síbi kankan, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ń tọ̀ ọ́ wá. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó wá láti ilé-iṣẹ́ Lister ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí láti ilẹ̀ Íńdíà níbi tí a ti ń ṣe àwòkọ ti Dursley. Epo dísù ni èyí ń jẹ; ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n tí ó ti dé ayé ṣáájú rẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ gáàsì, tí ó sì wá jẹ pẹtiróòlù. Ìtàn ẹ̀gbọ́n náà ni a fẹ́ sọ, àti ti àwọn tí kò jẹ́ kí ó ṣègbé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń wọ igbó ẹ̀yìn oko lọ láti wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tí ìpáàrà ti bò, tí igi ti hù la àárín kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọn a fi owó rà á, wọn a gbé e wá sí yàrá iṣẹ́ kékeré lẹ́yìn ilé wọn, wọn a sì lo ọdún kan tàbí méjì lórí rẹ̀ títí yóò fi tún fọhùn. Kì í ṣe nítorí èrè, nítorí ẹ̀rọ tuntun tí ó lágbára jù ú lọ kò ṣòro láti rà. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé eré àgbàlagbà lásán ni. Àwa ti gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, a sì rí i pé iṣẹ́ òpìtàn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òòlù àti òróró ni a fi ń ṣe é dípò ìwé àti kálàmù. Ìbéèrè kan sì wà nínú iṣẹ́ náà tí ó kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n: bí a bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe, èwo ni kí a tún ṣe, èwo ni kí a sì fi sílẹ̀ bí a ti bá a? Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdílé ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣáájú ọdún 1860, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irin ṣiṣẹ́ fún òun ní láti lo agbára odò, tàbí ti afẹ́fẹ́, tàbí kí ó ra ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ olóoru lágbára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olówó ni. A ní láti dá iná sí ìdí ìkòkò omi rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbéra. A sì ní láti yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, nítorí bí ooru bá pọ̀jù nínú ìkòkò náà, ó lè bẹ́ kí ó sì pa àwọn ará ilé. Ọlọ́rọ̀ tí ó ní ilé ìhunṣọ ńlá lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n kí ni ti atẹ̀wé kékeré, kí ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ni ti ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì? Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe wá ẹ̀rọ gáàsì.

Ní àkókò náà, àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi gáàsì tan iná òpópónà. Èédú tí a wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń mú gbóná nínú ìkòkò tí a dé pa. Gáàsì tí ó bá jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà sínú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé gbogbo. Ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Paris, Étienne Lenoir, tí a bí ní 1822 ní abúlé Mussy-la-Ville tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, rò ó pé bí gáàsì bá lè jó nínú àtùpà, ó lè jó nínú ihò irin kí ó sì ti nǹkan. Ní 1860 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ihò róbótó gbọọrọ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí a ń pè ní sílíńdà. Odindi irin kan sì ń lọ, ó sì ń bọ̀ nínú ihò náà, bí ọmọ odó nínú odó tí a dá dùbúlẹ̀: òun ni a ń pè ní písítìn. Ẹ̀rọ náà a fa gáàsì àti afẹ́fẹ́ sínú, iná mànàmáná a ta pàrà láàárín wọn, wọn a gbiná, wọn a sì ti písítìn síwájú. Ó ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn sì rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni. Gáàsì tí ó ń jẹ pọ̀ jù iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ, ó sì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mu òróró bí omi. Ìdí rẹ̀ ni pé kò fún gáàsì náà pọ̀ kí ó tó tan iná sí i. Ọdẹ ilé wa mọ̀ pé ẹ̀tù tí a kò kì mọ́lẹ̀ nínú ìbọn yóò kàn jó fùù ni. Èyí tí a kì dáadáa ni í ró.

Ẹni tí ó wá kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ọgbọ́n ọdẹ náà kò jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nikolaus August Otto, ará Jámánì, tí a bí ní 1832, oníṣòwò tí ń rìn kiri ta tíì àti ṣúgà ni. Ó gbọ́ nípa ẹ̀rọ Lenoir, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní 1864 òun àti Eugen Langen, ẹni tí ó ní owó àti ẹ̀kọ́, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Cologne. Ní àfihàn ńlá tí a ṣe ní Paris ní 1867, ẹ̀rọ wọn gba ẹ̀bùn wúrà. Nítorí pé, bí ó tilẹ̀ ń pariwo bí ilé tí ń wó, gáàsì tí ó jẹ kò tó ìdajì ti Lenoir fún iṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀ Otto kò sinmi. Ní 1876 ó parí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a fi wé ènìyàn tí ń mí: ní ìgbésẹ̀ kìíní, ó fa gáàsì àti afẹ́fẹ́ sínú, ní ìgbésẹ̀ kejì, ó pa ẹnu dé, ó sì fún wọn pọ̀, ní ìgbésẹ̀ kẹta, iná ràn, agbára sì jáde, ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ó mí èéfín síta. Mẹ́rin yìí ni ẹ̀rọ ìlọta ìlú wa ń tẹ̀lé títí di òní, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń sáré ní títì. Nínú ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bá tiwọn lọ, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ pẹtiróòlù fífúyẹ́ ní 1885.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí a kò lè ṣàì sọ. Ní 1886 àwọn adájọ́ ní Jámánì gba ìwé àṣẹ ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Otto, nítorí a rí i pé ará Faransé kan, Alphonse Beau de Rochas, ti kọ ọgbọ́n yìí sínú ìwé pélébé kan ní 1862. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣe ẹ̀rọ kankan. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kò bá a nínú ìwé. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ọ̀nà méjì ni ìmọ̀ ń gbà wà láyé: ó wà nínú ìwé, ó sì wà lọ́wọ́. Èyí tí ó wà nínú ìwé lè sùn fún ọdún púpọ̀ kí ó sì jí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ń bá ọlọ́wọ́ lọ sí ibojì, àyàfi bí ó bá rí ọwọ́ mìíràn fi lé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó gba àṣẹ láti máa ṣe ẹ̀rọ Otto ni àwọn ọmọ ìyá méjì ní Manchester, Frank àti William Crossley, ní 1869. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n. Wọn kì í mu ọtí, wọn kò sì fẹ́ ta ẹ̀rọ wọn fún ilé ìpọntí, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Frank, tí ó kú ní 1897, fi púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ kọ́ ilé ìwàásù kan tí a ń pè ní Star Hall sí Ancoats, àdúgbò àwọn tálákà ìlú náà. Nígbà tí a bá rí orúkọ Crossley lára irin àtijọ́, ó yẹ kí a rántí pé ẹ̀rí-ọkàn wà nínú òwò náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá sí Amẹ́ríkà nísinsìnyí, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti kúrò ní ìlú tí ó wọ oko. Páìpù gáàsì kò dé oko. Nítorí náà pẹtiróòlù ni a fún un jẹ, tàbí epo òyìnbó tí a ń tàn sí àtùpà. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pe pẹtiróòlù pàápàá ní gáàsì, orúkọ àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Láti bí ọdún 1890 lọ títí ó fi kọjá 1930, ilé-iṣẹ́ bíi Fairbanks-Morse ní Beloit, International Harvester ní Chicago, àti ti ìlú Waterloo ní Iowa, èyí tí ilé-iṣẹ́ John Deere rà ní 1918, ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀rọ yìí ń fa omi láti inú kànga, ó ń la igi, ó ń lọ àgbàdo fún ẹran, ó ń po wàrà di bọ́tà, ó sì ń yí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí a bá bi àwọn obìnrin oko ìgbà náà léèrè ohun tí ó sọ apá wọn dẹ̀rọ̀, òun ni wọn ìbá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọgbọ́n tí ó fi ń ṣọ́ epo jẹ dára púpọ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ bá ń yí yára ju bí ó ti yẹ lọ, irin wúwo kékeré méjì tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ náà a ṣí sẹ́yìn, wọn a sì fa ọ̀pá kan tí yóò di ilẹ̀kùn èéfín mú ní ṣíṣí. Bí ilẹ̀kùn yìí bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní lè fa epo sínú mọ́. Yóò kàn máa fi agbára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí lófìfo. Nígbà tí eré rẹ̀ bá rọlẹ̀, ọ̀pá náà a jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ a tún jẹ òkèlè epo kan, a sì dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ohùn rẹ̀ kò dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta wa. Yóò ró púù! lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà fọ̀ọ́, fọ̀ọ́, fọ̀ọ́, bí àgbàlagbà tí ń mí lẹ́yìn òkè gígùn, kí ó tó tún ró. Ebi ni í mú un sọ̀rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, ó dákẹ́.

Kí ni ó wá pa ẹ̀rọ rere bẹ́ẹ̀? Iná mànàmáná ni. Ní bí ọdún 1935, bí oko kan nínú mẹ́wàá ni ó ní iná ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún náà ni Ààrẹ Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbé iná lọ sí oko, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1936. Bí wáyà ti ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ayíná kékeré tí kò wúwo tí kò sì ń fẹ́ epo ń gba ipò ẹ̀rọ ńlá náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì dé, ìjọba ké sí àwọn ènìyàn ní 1942 pé kí wọ́n kó gbogbo irin àjákù wá fún ohun ìjà. Ẹ̀rọ tí ó ti fa omi fún ìdílé kan fún ogún ọdún lọ sínú iná ìléru. Èyí tí ó kù ni èyí tí a gbàgbé: tí ó wà lẹ́yìn abà, nínú koríko, tàbí ní etí kànga tí a ti dí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dàgbà sí ìró rẹ̀ kò gbàgbé. Ní 1948 àwọn kan kó ara wọn jọ ní Kinzers ní Pennsylvania láti máa tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́. Ní 1950 irú ìpàdé kan náà bẹ̀rẹ̀ ní Mount Pleasant ní Iowa. Ní 1985 a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Coolspring, ní Pennsylvania kan náà, fún ẹ̀rọ irú èyí nìkan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní tirẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Anson ní Poynton, tí kò jìnnà sí Manchester. Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ àjíǹde yìí ti ń ṣẹlẹ̀ bí kò ṣe nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ mìíràn jẹun. Ẹ jẹ́ kí a wọ inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan òòlù. Yóò kọ́kọ́ wò. Yóò ka àwo idẹ kékeré tí a kàn mọ́ ara ẹ̀rọ náà, níbi tí orúkọ aṣẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà. Nítorí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan kò tí ì sọnù, nọ́ńbà náà sì lè sọ ọdún tí a ṣe é. Lẹ́yìn èyí yóò wo àwo omi. Àwo ńlá kan wà lórí sílíńdà ẹ̀rọ wọ̀nyí tí a ń bu omi sí. Omi náà a máa hó lọ díẹ̀díẹ̀ láti tu irin lára. Ní àkókò òtútù ilẹ̀ wọn, omi a máa dì bí òkúta, omi tí ó bá sì dì a máa wú. Bí olóko bá gbàgbé láti tú omi náà jáde ní àṣálẹ́, ní òwúrọ̀ irin yóò ti là. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ń rí nínú igbó ni ó ní ìlà yìí lára. Ìlà náà ni ó ń sọ fún wa pé ní alẹ́ òtútù kan, ẹnì kan kò rántí, ẹ̀rọ náà kò sì tún ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ìwé tí ó kọ alẹ́ náà sílẹ̀ bí kò ṣe ìlà yìí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn àmì mìíràn. Yóò bá ìṣó níbi tí ó yẹ kí pín-ìn-nì wà. Yóò bá awọ bàtà tí a gé sí wẹ́wẹ́ láti fi dí ibi tí epo ń jò. Yóò rí ọwọ́ ìyíkẹ̀kẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ti nù dán bí dígí, àti abọ́ òróró kékeré tí ìka kan ṣoṣo ti jẹ etí rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ẹ̀rọ ni ìwọ̀nyí. Orúkọ Otto àti Crossley wà nínú ìwé; ṣùgbọ́n ẹni tí ó gé awọ bàtà rẹ̀ nítorí pé ọjà jìnnà, tí ẹran sì ń pòùngbẹ, ibí yìí nìkan ni ìtàn rẹ̀ wà.

Nígbà náà ni iṣẹ́ agbára yóò bẹ̀rẹ̀. Ìpáàrà ti so písítìn mọ́ inú sílíńdà bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò mú òòlù ńlá. Ṣùgbọ́n irin dídà kì í tẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, èyí tí ó bá sì fọ́ kò sí ní ọjà mọ́. Ẹni tí ó gbọ́n yóò da òróró fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, yóò sì dúró fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Yóò mú irin gbóná díẹ̀, yóò jẹ́ kí ó tutù, yóò tún da òróró sí i; lẹ́yìn náà yóò fi ìtì igi líle sí ìdí písítìn, yóò sì máa lù ú jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A kò mọ ibi tí òwe yìí ti bá irin mu ju ibí yìí lọ. Nígbà tí písítìn bá jáde, ó lè jẹ́ pé àwọn òrùka irin tí ó wà lára rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí agbára iná jò kọjá, ti ṣẹ́; yóò sì ní láti fi tuntun rọ́pò wọn.

Fún ìpáàrà ara àwọn ohun kéékèèké, ọ̀nà kan wà tí kò ní jẹ irin tòótọ́. Yóò po omi pọ̀ mọ́ sódà ìfọṣọ nínú àwo ńlá, yóò rì wọ́n sínú rẹ̀, yóò sì so wọ́n mọ́ ìhà òdì bátìrì. Ìhà kejì ni yóò so mọ́ irin àjákù lásán tí kò ní pa ohun tí ó ń tún ṣe lára. Ìpáàrà a rọ̀, a sì ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n gáàsì tí ń gbiná ń jáde nínú omi náà, nítorí náà ìta gbangba ni a ti ń ṣe é, láìsí iná nítòsí. Kò sì gbọdọ̀ lo irin funfun tí kì í dípáàrà fún ìhà kejì náà, nítorí májèlé ni yóò wọ inú omi náà.

Lẹ́yìn èyí ni béárìn, níbi tí ọ̀pá tí ń yí ti ń sùn. Kì í ṣe irin róbótó bí ti òde òní: irin rírọ̀ tí a fi tánganran tàbí òjé pò ni a ń yọ́ tí a ń dà sí àyè rẹ̀ yí ọ̀pá náà ká. Aṣàtúnṣe ní láti kọ́kọ́ mú àyè náà gbóná kí ó gbẹ dáadáa, nítorí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yóò mú kí irin yíyọ́ náà ta sí i lójú. Nígbà tí ó bá tutù, yóò fi àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ kun ọ̀pá, yóò yí i; ibi tí aró bá mọ́ ni ibi tí ó ga, yóò fi ọ̀bẹ ìhá há a díẹ̀díẹ̀, yóò sì tún yí i, títí ọ̀pá yóò fi sùn dọ́gba. Bí ẹ̀yà kan bá sì ti sọnù pátápátá, yóò gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ ní igi, yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ayọ́rin kí wọ́n fi tẹ ojú yanrìn. Kò gbọdọ̀ gbàgbé pé irin dídà ń súnkì bí ó ti ń tutù, ó tó ìdámẹ́jọ ínǹṣì kan nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà igi náà ní láti tóbi ju irin tí ó fẹ́ gbà lọ.

Nísinsìnyí a dé ibi ìbéèrè wa. Àwọn kan wà tí wọn yóò ha ẹ̀rọ náà títí dé irin funfun, tí wọn yóò dí gbogbo ojú àpá, tí wọn yóò sì kùn ún kí ó máa dán ju ọjọ́ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ lọ. Wọ́n ní ọlá ni àwọn fi fún un. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò ní fi ọwọ́ kan ohunkóhun: wọn a fi òróró nù ún, wọn a sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìpáàrà rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí kò ṣeé fọ̀. Ìhà méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó fọ gbogbo àpá nù ti jó ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí àwọn olóko náà ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́ ti pa ìmọ̀ ọwọ́ mọ́ inú irin. Nítorí bí a ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí a tó mọ̀ pé epo rẹ̀ pọ̀jù, bí a ti ń fi ìka mọ̀ pé béárìn ń gbóná, kò sí nínú ìwé. Ara ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ nìkan ni a ti ń kọ́ ọ.

Èrò tiwa ni èyí. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣàìní kí ó tó mí, kí a tún un ṣe láìbẹ̀rù: òrùka písítìn, béárìn, ìlà tí òtútù là. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá yọ kúrò, kí a má ṣe dà á nù. Kí a fi í sínú àpótí pẹ̀lú ìwé kékeré tí ó sọ ibi tí ó ti wá. Ohun tuntun tí a bá fi sí i, kí a kọ ọdún rẹ̀ sí ara rẹ̀ ní ibi ìkọ̀kọ̀, kí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la má baà gba iṣẹ́ wa fún iṣẹ́ àwọn baba. Ìlà àwo omi, kí a fi idẹ jó o pọ̀ kí omi má jò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe lọ̀ ọ́ títí ojú àpá yóò fi parẹ́. Ọwọ́ ìyíkẹ̀kẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ti nù dán, kí a má ṣe fi ọ̀dà bò ó rárá. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹ̀bùn ẹwà níbi àfihàn. Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún ẹni tí ń wò ó.

Ọjọ́ a sì pé. A bu omi sí àwo, a bu òróró sí abọ́ rẹ̀ tí ń kán tó, tó, tó sórí písítìn, a bu pẹtiróòlù sí i. Aṣàtúnṣe mú ọwọ́ ìyíkẹ̀kẹ́, ó sì to àtàǹpàkò rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù ní ìhà kan, nítorí bí ẹ̀rọ bá ta padà, yóò ṣẹ́ àtàǹpàkò tí ó bá wà ní ìhà kejì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, èéfín díẹ̀ jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ró púù!, kẹ̀kẹ́ ńlá náà gbéra, fọ̀ọ́, fọ̀ọ́, fọ̀ọ́, ó sì tún ró. Ohùn tí ó dákẹ́ láti ìgbà tí iná mànàmáná ti dé oko náà tún padà sí ayé. Ẹni tí ó dúró tì í, àgbà ìbáà jẹ́ tàbí ọmọdé, kì í lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀rọ ìlọta ti wa náà ń dàgbà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tí ń lo iná mànàmáná ti gba ipò rẹ̀, àwọn tí ń ra irin àjákù sì ń kiri àdúgbò pẹ̀lú ọmọlanke, wọ́n ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n. Wọn kò ṣẹ̀ wá. Ìwúwo irin ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìtàn rẹ̀. Àwa ni ìtàn wà lọ́wọ́ wa. A kò sọ pé kí gbogbo ilé máa tọ́jú irin tí kò ní ibi tí a ó gbé e sí. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e lé ọmọlanke, ó kéré tán, kí a ka nọ́ńbà tí ó wà lára àwo idẹ rẹ̀ kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a bi ìyá àgbà tí ó ni ín léèrè ọdún tí ó rà á, iye tí ó san, orúkọ ẹni tí ó máa ń bá a ta á ní òwúrọ̀, àti ohun tí owó ìlọta náà fi ṣe. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ a ó rí i pé owó ilé-ìwé ọmọ kan tàbí méjì ti inú ẹ̀rọ náà jáde. Ìpáàrà kò ní dúró dè wá, àgbà náà kò sì ní wà títí láé. Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ìka hàn yín ibi tí ọwọ́ wọn ti nù dán.